Yí I Títí Tí Yóò Fi Dún

Orogún kan ṣoṣo ni mo ní láyé, irin sì ni. Ọkọ̀ náà ti gbó kí ọkọ mi tó rà á, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe fara dà á, kó lọ bi ẹ̀rọ ìránṣọ mi léèrè, torí òun ni mo máa ń fẹjọ́ sùn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkọ mi fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé. Ọdún tó kọjá ló fẹ̀yìn tì, àtìgbà náà ni kò ti ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu mọ́: ọkọ̀ wa ò lágbára mọ́. Ó ní ohùn ẹ́ńjìnnì ti rẹlẹ̀, ó ní ó ń mí bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀. Mo bi í pé ìjà ló fẹ́ fi jà ni, tí agbára ọkọ̀ fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Kì í dá mi lóhùn mọ́ nígbà yẹn, ìyẹn ló sì máa ń bí mi nínú jù. Màá pè é wá jẹun, kò ní wá. Màá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, á kọ etí ikún sí mi. Èmi náà ò ní sùúrù, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Nígbà tó yá, mo kàn ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ gbàgà lórí tábìlì, màá sì bá tèmi lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí tú ọkọ̀ nìyẹn. Ó yọ fìlítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, ó ní kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa. Ó wá jí abẹ́rẹ́ mi tó nípọn jù, èyí tí mo fi ń rán aṣọ jíǹsì, ó fi fẹ ihò idẹ kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kabọrétọ̀, ó ní oúnjẹ ọkọ̀ ò tó. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ ti ń tú èéfín dúdú. Aṣọ àwọn oníbàárà mi tí mo sá síta gba tiwọn níbẹ̀. Mo pariwo títí, ariwo lásán.

Ọmọ wa obìnrin ń gbé lórí òkè kan ní apá kejì ìlú. Òkè náà ga, ó gùn, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ wa máa ń gùn ún láìkọsẹ̀. Nígbà tí ọmọ wa wá bímọ, a wọ ọkọ̀ láti lọ wo ọmọ tuntun, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní kọ́nà kejì. Lọ́rì kan wà lẹ́yìn wa tó ń fọn fèrè bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. A padà sílé láì fojú kan ọmọ.

Àkọ́bí wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì tó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka òfin, wá sílé lọ́jọ́ kejì. Ó dúró níwájú bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́ ketekete. Ó ní kí bàbá tún òkè náà gùn lọ́jọ́ Sátidé. Bí ọkọ̀ bá dé òkè láìdúró, òun ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Bó bá dúró, kí bàbá fún òun ní kọ́kọ́rọ́, kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá gbé e. Ọkọ mi ní ó dára bẹ́ẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò, bó ṣe di kọ́kọ́rọ́ náà mú. Èmi tí mò ń bú ọkọ̀ yẹn láti àárọ̀ dalẹ́, inú mi bàjẹ́. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ọkọ̀ wíwà nìkan ló mọ̀, tí ẹ bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ló máa jí lọ láràárọ̀?

Ọkọ mi kó sínú iṣẹ́. Ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, ó gbé e sínú pálọ̀ mi, orí rẹ̀ ni oníbàárà ń jókòó sí. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ku ohun kan ṣoṣo. Nǹkan kan wà lára ẹ́ńjìnnì tó ń sọ ìgbà tí iná máa ṣán fún un. Tí èèyàn bá yí i síwájú díẹ̀, ọkọ̀ á ní ipá sí i. Tó bá yí i jù, ẹ́ńjìnnì á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lórí òkè, agbára rẹ̀ á sì lọ. Ọ̀gá tó kọ́ ọkọ mi níṣẹ́ lọ́mọdé ò fún un ní ẹ̀rọ tó ń wọn èyí. Ohun tó kọ́ ọ ni pé: yí i títí tí yóò fi dún, kí o wá dá a padà ní ìwọ̀n èékánná kan.

Ó ní kí n wá jókòó nínú ọkọ̀ kó lè wúwo bíi ti ọjọ́ Sátidé. A gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé wa. Kí ọkọ̀ tó gùn ún dé ìdajì, ó ti ń dún bí ìgbà tí mo bá ń mi agolo bọ́tìnnì mi. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O rí i? Kò tíì dún. Ó ṣì kù."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún yí i síwájú. A tún gùn ún. Lọ́tẹ̀ yìí, káfíńtà tó wà lódìkejì gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò wá. Ọkọ mi ní kò tíì dún. Èébú ti dé góńgó ètè mi, kí n tó wo ojú rẹ̀. Kò ṣàwàdà rárá. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń tẹ́tí, bí ẹni tó ń dúró de àlejò. Mo kọjú sí fèrèsé tèmi, mo sì sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó wà nítòsí.

"Bàbá wọn, mo ti ta ọkọ̀ yìí. Wọ́n ń bọ̀ wá gbé e lọ́la."

Ó pààrọ̀ jíà, ó ń bá ìwakọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ gbà mí. Gbogbo oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ gbàgà ló ń padà wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a délé, mo pa ẹ́ńjìnnì fúnra mi, mo di ojú ọkọ mi mú kó lè kọjú sí mi.

"Ó ń dún," ni mo wí. "Láti òwúrọ̀ ló ti ń dún. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́."

Ẹnu mi ló ń wò, kì í ṣe ojú mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń wo ẹnu mi.

"Mo rò pé ìwọ lo dákẹ́ ni," ó ní. "Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ní bóyá kò sí ohun tí o fẹ́ bá mi sọ mọ́."

Mo sunkún, mi ò ní fi pamọ́. Òun ò sunkún. Ó kàn fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fún ọmọ, kò sídìí tí a fi máa dúró de Sátidé. Ó ní kí lòun fẹ́ fi ọkọ̀ tí òun ò gbọ́ ṣe.

Ìbínú mi bá padà dé, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀. Mo fà á lọ́wọ́ wọlé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé ṣé etí ló rò pé mo fi ń rán aṣọ láti ọjọ́ yìí, nínú ilé tí ọmọ ń ké tí rédíò ń pariwo. Ọwọ́ mi ló ń sọ fún mi. Mo wá tú nọ́ọ̀tì kan díẹ̀, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lódì. Ó gbójú sókè. Ó ti mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ohun tó tú ló padà sáàyè rẹ̀: fìlítà, ìjókòó, àti abẹ́rẹ́ mi. A ra idẹ kékeré tuntun tí epo ń gba ihò rẹ̀ kọjá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, a padà sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èmi ni etí. Bó bá ti dún, màá gbá a léjìká, á sọ̀ kalẹ̀, á dá a padà díẹ̀, a ó tún gùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí ọ̀pá jíà. Nígbà kẹta, ọwọ́ mi ò tíì kan èjìká rẹ̀ tó fi ní òun mọ̀. Nígbà kẹrin, kò dún rárá, ó sì ti sọ fún mi kí n tó sọ fún un. Nígbà tí a délé, mo kọjú sí i, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo sọ sí fèrèsé ní Ọjọ́bọ̀. Ó bi mí pé èló ni mo tà á.

Ọjọ́ Sátidé, a gun òkè. Ní kọ́nà kejì, níbi tó ti kú mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́sí, mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ máa ráhùn. Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a léjìká, ó ti pààrọ̀ jíà kí ọwọ́ mi tó balẹ̀. A ò dúró títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ wa.

Àkọ́bí wa ti dúró síbẹ̀. Ó kí bàbá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, bàbá ò dáhùn. Ó tún un kí, mo sì rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń le, bí tèmi ṣe máa ń le gan-an. Mo ní kó wá síwájú bàbá rẹ̀ kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kó rọra sọ ọ́, torí etí bàbá ti ń wúwo, àwa la ò sì mọ̀. Ó yí wá síwájú. Ó kí i. Ọkọ mi dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀, ó bi í léèrè iṣẹ́. Ọmọ mi tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka òfin bẹ̀rẹ̀ sí rọra dá a lóhùn.

Ọmọ wa obìnrin gbé ìkókó jáde. Ìkókó náà ń ké bí ẹni pé a jí nǹkan rẹ̀. Ọkọ mi gbà á, ó gbé e lé àyà, ó wo ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dúró bẹ́ẹ̀.

"Mo ń gbọ́ ọ," ó ní. "Máa sọ ọ́, mo ń gbọ́ ọ."

Kò sẹ́ni tó bi í nípa kọ́kọ́rọ́.