Àwọn Lẹ́tà Múrítàlá

Kí wọ́n tó gbé òkú Múrítàlá kúrò ní mọ́ṣáláṣí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Tàjúdéènì, ti pe ìyàwó olóògbé láti Ìbàdàn.

"Ìyàwó, ohunkóhun tó bá jẹ́ ti àbúrò mi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u. Mò ń bọ̀."

Saadat gbọ́. Ẹni tó bá kánjú tú ẹrù òkú, ẹnu ayé kì í jẹ́ kó sùn. Ó kó aṣọ ọkọ rẹ̀ sí àpótí, ó tì í. Àmọ́ físà ẹ̀gbọ́n kò tètè jáde. Oṣù ń gorí oṣù. Lẹ́tà yòówù tó bá sì bá orúkọ Múrítàlá wọ ilé wọn ní Thamesmead nílùú òyìnbó, orí àpótí náà ni Saadat ń gbé e sí. Lẹ́tà ẹni, ẹrù ẹni ni. Nígbà tó yá, àwọn lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú ìlà pupa lára.

Moráyọ̀, tí wọ́n jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich, rí wọn.

"Auntie, ẹ já a, ẹ jọ̀ọ́. Àbí ẹ fẹ́ kí Uncle jí wá kà á ni?"

"Kí wọ́n lè ní mo ti ń pín ogún?"

"Àwọn tó kọ ọ́ ò mọ̀ pé físà là ń dúró dè o!"

Saadat rẹ́rìn-ín. Kò já a.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bá ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn. Fọ́tò ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ló ń yà. Ó kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Saadat wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó já gbogbo lẹ́tà náà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ra ilé náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Owó ìtọ́jú ilé tí àwọn onílẹ̀ ń gbà kò lọ mọ́ látìgbà tí àìsàn ti dá Múrítàlá dùbúlẹ̀. Wọ́n ti rán an létí. Wọ́n ti kìlọ̀. Ilé ẹjọ́ pè é, kò sẹ́ni tó yọjú, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ní wọ́n fẹ́ gba ilé náà. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún èsì ti kọjá.

Ó pe àwọn onílẹ̀ náà: owó wà lọ́wọ́ òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun san án lónìí.

"Ẹ má bínú," obìnrin kan fèsì lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Orúkọ yín ò sí lórí ilé náà. Múrítàlá nìkan la lè bá sọ̀rọ̀."

"Múrítàlá ti kú."

Saadat gbọ́ tí obìnrin náà ń tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ta ló wá ń gbé inú ilé náà báyìí?"