Okùn Apẹ̀rẹ̀ Ìyá Fáìlì

"Má bá mi sọ̀rọ̀ ìdárayá o!" Ohun tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ wa nìyẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ yàrá mi. Ọmọ kékeré tí àbígbẹ̀yìn mi lè ṣe ẹ̀gbọ́n fún! Ó ní kí n máa rìn. Mo ní, "Kí n rìn lọ síbo? Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi ń ka fáìlì ni?"

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń tọ́jú fáìlì ní àjà kẹrin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Fáìlì. Látìgbà tí ẹ̀rọ agbénisókè ti kú, okùn àti apẹ̀rẹ̀ la fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fáìlì á pariwo láti ìsàlẹ̀, màá sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ láàárín àtẹ̀gùn, ó parí. Èmi ni mo dá ọgbọ́n yẹn, mo sì máa ń fi yangàn. Àárọ̀ ni mo ń gòkè, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń sọ̀ kalẹ̀. Láàárín méjèèjì, èmi àti àga mi ni.

Àfi bí ọ̀gá àgbà ṣe pèpàdé. Nọ́ọ̀sì ti yẹ gbogbo wa wò, ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ jù. Ọ̀gá ní láti ọjọ́ Ajé, kálukú á máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ gòkè wá gba fáìlì, kò sí apẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó wá kọjú sí mi. "Ìyá Fáìlì, lóṣù mẹ́ta sí i, gbogbo wa la jọ máa gun àtẹ̀gùn yìí láì sinmi. Tẹ́ ò bá lè gùn ún, ẹ máa lọ jókòó sẹ́nu géètì, ká fi ẹlòmíì sórí àga yín."

Ha! Àga mi kẹ̀? Àga tí mo jókòó lé títí irun mi fi funfun? Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Ẹ̀rù sì bà mí, mi ò ní purọ́, torí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sinmi kí n tó dókè.

Nọ́ọ̀sì ló tún wá bá mi. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà."

Mo rojú, àmọ́ mo dìde. Lọ́sàn-án, a máa sọ̀ dé àjà kẹta, a máa padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a dé àjà kejì. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fepo sí. Akọ̀wé àjà kẹta wá sọ mí di ẹlẹ́yà: "Ìyá Fáìlì, ṣé kí n pe àwọn tó ń gbé aláìsàn?"

Mo ní, "Pè wọ́n wá, ìwọ ni wọ́n máa gbé!"

Nígbà tó yá, mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gé okùn apẹ̀rẹ̀, mo sì ń fi í fò sókè-sódò bí ọmọléèwé láàárín àwọn kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rò pé àjà fẹ́ já lé wọn lórí.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá ló ṣíwájú wa, ikùn ẹ̀ ló ṣíwájú ọ̀gá. Kò pẹ́ tí mo fi kọjá lára ẹ̀. Mi ò wẹ̀yìn, mi ò dúró. Nígbà tí mo dé àjà kẹrin, àyà mi ń lù kìkìkì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi dúró. Mo ṣe é! Nọ́ọ̀sì fò mọ́ mi lọ́rùn, omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi. Akọ̀wé àjà kẹta fúnra ẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ìgbà yẹn la wá rí i pé ọ̀gá ò sí láàárín wa. Mo yọjú wolẹ̀. Ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn nítòsí àjà kejì, ó di irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú, ó ń mí hẹlẹ.

"Ìyá Fáìlì, ẹ jọ̀ọ́, apẹ̀rẹ̀ yẹn dà?"

"Ọ̀gá, mo ti gé okùn ẹ̀. Òun ni mo fi ń fò."

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, mo fà á lọ́wọ́, a rìn, a sinmi, títí a fi dókè. Mo fa àga mi fún un, mo bu omi fún un mu.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò jókòó?"

Mo ní kò rẹ̀ mí. Mo wá ká okùn náà lé e lọ́wọ́, mo sì sọ fún un pé aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀, àjà kan péré.