Orí Orúkọ Sasamura

Ní ìlú wa, Hagi, ẹni méjì ló máa ń mú àlejò rìn. Ẹni iwájú ló ni àsíá, òun náà ló ni ẹnu. Ẹni ẹ̀yìn ló ń ka orí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà ní àwọn kọ̀rọ̀ tí àwọn baba ńlá wa mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ kí ọ̀tá má baà ríran jìnnà. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti jẹ́ ẹni ẹ̀yìn fún bàbá mi àgbà. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún báyìí, n kò sì tíì di àsíá yẹn mú rí, àfi tí mo bá ń fọ̀ ọ́.

Àsíá ọ̀hún kò ju ègé aṣọ ìyeyè kan lórí ọ̀pá ọparun lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúnkún bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́, tó ní òun máa fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ìparí oṣù karùn-ún, kò sí ohun mìíràn tí mo ń rò mọ́.

Ìdí ni pé ẹni méjì ló wà ńbẹ̀ tó lè gbà á. Èmi Chigusa nìkíní, ọmọ ọmọ rẹ̀, èmi tí n kò lè kàwé sókè níwájú kíláàsì, títí wọ́n fi mú mi kúrò nílé ìwé lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bàbá ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ẹnì kejì ni Honoka.

Osaka ni Honoka ti wá. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Kò tíì ju ọdún kan àti oṣù méjì lọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá ní ìlú wa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta ẹja létí òkun ti ń fi orúkọ pè é. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Àti bàbá, bàbá tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn, Honoka ti sọ ọ́ di alápàárá.

"Ọmọ Osaka," bàbá á ní, "ṣé ẹ̀yin tiẹ̀ máa ń sinmi ẹnu lọ́hùn-ún?"

"Ọ̀gá, ta ló jẹ́ sinmi? Tá a bá dákẹ́, wọ́n á ní a ti kú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tan tùràrí fún wa."

Bàbá á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń po tíì fún un, n kò mú un rẹ́rìn-ín dé ìdí ikọ́ rí. Màá wà ní ilé ìdáná, màá máa gbọ́ wọn, bí ìyálé tó ń gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó tuntun láti yàrá kejì. Omi gbígbóná á máa hó.

Bàbá ní àwòrán ìlú kan tó ti lé ní igba ọdún. Òun la fi ń mú àlejò rìn títí dòní, nítorí pé àwọn òpópónà wa kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan wà nínú àyè ilé rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọtí ló ń pa ẹni tó kọ ọ́. Orúkọ kan dúró ṣánṣán, èkejì dorí kodò, ẹ̀kẹta fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Kì í ṣe ọtí rárá. Òkè orúkọ ni orí rẹ̀, ibi tí orí yẹn bá sì kọjú sí ni géètì ńlá ilé náà wà. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí bàbá sọ ọ́ fún mi. "Bí ènìyàn ṣe ń fi orí wáyé," ó ní, "bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ṣe ń fi orí jáde sígboro. Má gbàgbé."

Nígbà òtútù tó kọjá, bàbá ní kí n fi àwòrán náà han Honoka kí ó mọ̀ ọ́n kà. Mo fi hàn án lóòótọ́. Mo ní pupa ni tẹ́ńpìlì, mo ní àwọ̀ ojú ọ̀run ni omi, mo sọ bí a ṣe ń mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ilé ọmọ ogun lásán. Mo sọ ohun gbogbo tán pátá, àfi ẹyọ kan. Òun fúnra rẹ̀ sì béèrè rẹ̀.

"Chigusa, kí ló dé tí àwọn kan fi dorí kodò?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ láyé ìgbà yẹn nìyẹn, àǹtí."

"O ṣeun, olùkọ́ mi kékeré," ó wí, ó sì bu búrẹ́dì tó ní ẹ̀wà dídùn nínú, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Nígbà tó yá, bàbá là á kalẹ̀. Honoka ló máa ṣíwájú lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni màá ṣíwájú lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn náà lòun á sọ ẹni tó ni àsíá.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, àwọn igi ọsàn ẹ̀ẹ̀rùn ti ń tanná, òórùn wọn gba gbogbo ẹ̀yìn ògiri. Àlejò mọ́kànlá ló wá. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá àgbàlagbà kan tó ń tẹ̀pá, tó ti Hokkaido lókè àríwá wá. Kò tíì jẹ́ kí Honoka kí wọn tán tó fi já lu ọ̀rọ̀.

"Sasamura ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ilé wa ni mo wá wá. Bàbá mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí bàbá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ kúrò níbí. Ìyá rẹ̀ ní láti dúró ti àwọn àgbà ilé. Ó ní géètì ńlá ni ìyá òun dúró sí, kò juwọ́, òun sì ń wẹ̀yìn wò ó títí àwọn fi yà ní kọ̀rọ̀. Kò rí i mọ́. Títí tó fi kú ló ń sọ̀rọ̀ géètì yẹn. Mo fẹ́ tẹríba níbẹ̀ kí èmi náà tó lọ. Àwọn ọmọ mi ní kí n wò ó lórí fóònù. Mo ní ṣé fóònù ni màá wá máa tẹríba fún?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Honoka tẹ́ àwòrán náà, ó wá orúkọ títí ó fi rí i. Ilé Sasamura wà láàárín òpópónà méjì, odò kékeré wà ní gúúsù, ògiri ọlọ́sàn wà ní àríwá. Mo ti mọ orúkọ yẹn láti kékeré. Àríwá ni orí rẹ̀ kọjú sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà lẹ́bàá odò.

Honoka gbé àsíá sókè, ó yà sí ọ̀nà odò.

Mo mọ̀ kí a tó dé kọ̀rọ̀ kejì. Ibẹ̀ ló ti bojú wẹ̀yìn wò mí, bó ṣe máa ń ṣe tí nǹkan kò bá dá a lójú. Ká ní mo mi orí lásán, ì bá ti yé e. Mo gbójú sókè, mo ń wo òdòdó ọsàn.

Ilẹ̀kùn kékeré àtijọ́ kan wà lẹ́bàá odò yẹn, igi rẹ̀ ti dúdú, ó ṣeé wò. Honoka dúró síwájú rẹ̀, ó fi ohùn rẹ̀ yẹn sọ ìtàn ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń wẹ̀yìn, àfi bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló ṣe. Màmá Sasamura gbé ọ̀pá rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹríba, ó pẹ́ kó tó dìde. Àwọn ènìyàn ń nu ojú. Inú mi dùn. Mo ń rò ó pé bàbá á gbọ́, bàbá á sì mọ̀ pé ẹnu dídùn kọ́ ni ìmọ̀. Mo ka orí, mọ́kànlá pé géérégé. Nígbà náà ni ìyá yẹn yíjú, tó dì mí lọ́wọ́ mú nítorí pé èmi ló sún mọ́ ọn, tó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Ohun tó dùn mọ́ mi yẹn kan lẹ́nu mi.

A fi àwọn àlejò sílẹ̀, a padà sílé jẹun ọ̀sán. Bàbá jókòó, Honoka mú ìṣù ìrẹsì kan, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo pa màmá kan lẹ́kún lónìí. Mo bá wọn rí ilé wọn, ilé Sasamura, lẹ́bàá odò níbẹ̀ yẹn."

Bàbá dá oúnjẹ dúró lẹ́nu. "Ẹ̀bá odò kẹ̀?"

"Ibi ilẹ̀kùn kékeré yẹn, ọ̀gá."

"Ọmọ Osaka, ibẹ̀ ni agbépòó ń gbà wọlé."

Honoka rẹ́rìn-ín, ó rò pé bàbá ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó pa ẹnu dé.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ ibi tí orí orúkọ máa ń kọjú sí?"

"Orí orúkọ báwo?"

Bàbá kò wò ó mọ́. "Chigusa."

"Ẹ̀ẹ́n, bàbá."

"Ìwọ lo wà lẹ́yìn."

"Èmi ni."

"O rí i?"

"Mo rí i kí a tó dé kọ̀rọ̀ kejì."

"Ti ìgbà òtútù ńkọ́? O gbàgbé láti sọ fún un ni?"

Ọ̀nà wà níbẹ̀ tí mo lè gbà sá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣí i fún mi. "Mi ò gbàgbé," mo ní.

Honoka gbé ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀. "Mo bi ọ́. Ẹnu mi yìí ni mo fi bi ọ́. O ní bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. O tún jẹ búrẹ́dì mi."

"Mo jẹ ẹ́."

Bàbá wo aago ara ògiri. "Aago mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì wọn ń lọ," ó wí, ó sì yí ojú sí tíì rẹ̀.

Àwa méjèèjì dìde pọ̀. A ń sáré, a ń mí hẹlẹ.

"Má bá mi sọ̀rọ̀," Honoka ní.

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ìwà burúkú rẹ gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ojú ń tì ẹ́. Ojú wo ló ń tì ẹ́? Inú burúkú lo ní."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, mo túbọ̀ ń sáré.

Màmá Sasamura ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdó ọkọ̀, ó gbé àpò èèpo ọsàn aláṣúgà lé itan. Honoka ti ń la ẹnu. Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Màmá," mo ní. Ohùn mi kéré débi pé ìyá náà fi ọwọ́ sí etí. Mo tún un wí. "Màmá, ibi tí ẹ tẹríba sí yẹn, kì í ṣe géètì ńlá yín."

"Kí ni?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ń gba gbé póò jáde, mà."

Ó wò mí. "Ọmọ yìí, mo ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin láyé. Mo wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo wọ rélùwéè, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo wá ń tẹríba fún ṣáláńgá." Ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Àǹtí yìí kò mọ̀. Èmi mọ̀, ká tó débẹ̀ ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mo ń jowú wọn ni, mà."

Ìyá náà wo Honoka, ó tún wò mí. "Ṣé nítorí ọkùnrin ni?"

"Nítorí àsíá ni."

"Àsíá." Ó pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ àjèjì wò. Lẹ́yìn náà ló na ọ̀pá rẹ̀ sí mi. "Bá mi gbé àpò yìí. Bọ́ọ̀sì á lọ, òmíràn á dé. Ṣíwájú."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni iwájú, láìsí àsíá, pẹ̀lú ènìyàn méjì lẹ́yìn mi. Mo ń sọ̀rọ̀ bí a ti ń lọ, ohùn mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò dá. Ní òpópónà ọlọ́sàn, òkúta òpó méjì ló kù níbi tí géètì náà wà, koríko ti yí wọn ká. Mo sọ ohun tí bàbá sọ fún mi, pé géètì ńlá kì í ṣí lójoojúmọ́, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ni ará ilé ń gbà. Ọjọ́ ìgbéyàwó ló ń ṣí, ọjọ́ òkú, àti ọjọ́ tí ìránṣẹ́ olórí ìlú bá dé. "Màmá, tó bá jẹ́ pé géètì ńlá ni bàbá yín àgbà gbà jáde, a jẹ́ pé ẹnì kan ló ní kí wọ́n ṣí i nítorí rẹ̀."

"Ìyá rẹ̀," ìyá náà wí.

Kò tẹríba. Ó dúró sáàárín òkúta méjèèjì, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ nàró. "Kọ̀rọ̀ wo ni wọ́n yà sí?" Mo nawọ́ sí i. Ó pe Honoka. "Ìwọ, ẹlẹ́nu dídùn. Máa lọ síbẹ̀, kó o máa wẹ̀yìn wò mí."

Honoka lọ. Ó rìn díẹ̀, ó wẹ̀yìn, ó tún rìn, ó tún wẹ̀yìn. Màmá Sasamura kò juwọ́. Ó ń wò ó títí kọ̀rọ̀ fi gbé e mì, kò sì ṣí ojú kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé àpò. Kí n sọ òótọ́: lójú ẹsẹ̀ yẹn gan-an, owú tún jẹ mí. Èmi ni mo mú un dé ibẹ̀, Honoka ló rán láti ṣe ọmọ.

Nígbà tí a délé, bàbá kò bi wá bó ṣe lọ. Ó mú àsíá kúrò lára ògiri. "Chigusa, ọ̀la kì í ṣe tìrẹ mọ́," ó ní. "Ẹni tí kò mọ̀, a lè kọ́ ọ. Ìwọ ni wàá kọ́ ọ, wàá sì kọ́ ọ tán." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àsíá náà fún Honoka. Honoka fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹríba, kò sì ṣàwàdà kankan.

Mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà níbi tó ti ń wọ bàtà. "Ẹ kú oríire, àǹtí," mo ní. Mo rí i pé kò pé, mo bá fi kún un. "Ẹnu mi ló ń sọ ọ́. Inú mi kò tíì bá a dé ibẹ̀."

"Mo mọ̀," Honoka ní. Ó so okùn bàtà kejì, ó dìde. "Aago mẹ́jọ la máa pàdé lọ́la. Má pẹ́ dé."