Iná Ojú Kámẹ́rà

Iná pupa kékeré tó wà lójú kámẹ́rà orí kọ̀ǹpútà náà tàn, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ́wùnmí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti balùwẹ̀ ni, ìró kan ṣoṣo ló ró mọ́ àyà, omi ṣì ń kán láti irun rẹ̀ sí èjìká. Ó dúró sójú kan láàárín pálọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà náà dúdú bí ohun tó sùn, àmọ́ iná pupa yẹn ranjú mọ́ ọn. Ó sún sápá ọ̀tún díẹ̀. Iná náà kò kú. Nígbà tó yá, ó kú fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe tàn.

"Mọ́mì, ó tún ṣe é," ni ọmọ rẹ̀ Jésùtófúnmi wí. Ọmọ ọdún méje ni, orí ẹní ló dọ̀bálẹ̀ sí tó ń kun àwòrán.

"Ó tún ṣe é? Ṣé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ó máa ń ṣe é tẹ́ ẹ bá ń sùn lọ́sàn-án. Mo máa ń juwọ́ sí i."

Ọmọ́wùnmí wọ yàrá lọ, ó wọ aṣọ, ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò tó ṣú sórí Ìgàndò láti àárọ̀ kò tíì rọ̀, tí ooru sì mú bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ ilé.

Ọkọ rẹ̀, Simeon, ló ra kọ̀ǹpútà náà kó tó lọ sí Johannesburg, níbi tó ti ń bá àwọn kan ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó ní kí ọmọ òun má baà gbàgbé ojú òun. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday, wọn á jókòó síwájú kámẹ́rà, Jésùtófúnmi á kọ orin tí wọ́n kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún bàbá rẹ̀, Simeon náà á máa rẹ́rìn-ín láti ọ̀nà jíjìn. Láwọn ọjọ́ yòókù, Ọmọ́wùnmí, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, máa ń fi tẹ ìbéèrè ìdánwò.

Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé sáà tuntun ni ara kọ̀ǹpútà náà kò ti yá. Ó kọ́kọ́ ń falẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, tàbí kí wọ́n ṣí kó jẹ́ wúruwùru ni yóò bá nínú wọn. Ìyẹn kò tíì bà á lẹ́rù. Gbogbo olùkọ́ ilé ìwé wọn ló ń ráhùn fáírọ́ọ̀sì. Ohun tó bà á lẹ́rù ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ń gé ewébẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbójú sókè, tó rí i tí ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà ń rìn. Ó rọra rìn lọ sórí àwọn àwòrán ìsìnkú ìyá rẹ̀, ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ẹnì kan láàárín èrò. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ Ọmọ́wùnmí, kò sì mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe.

Nígbà tó wọṣọ tán lọ́jọ́ náà, ó pe Àdíját lórí fóònù.

Àdíját ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkọ̀tún, òun náà ló ń bá ilé ìwé wọn tún tiwọn ṣe. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó fi dé. Ó gbọn etí híjáàbù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí Ọmọ́wùnmí, ó sì jókòó sídìí iṣẹ́.

"Àǹtí, èyí tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ o," ló wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Fláàṣì tẹ́ ẹ̀ ń gbé lọ gbé bọ̀ níléèwé ló kó ọ̀pọ̀ wọn wá. Àwọn yẹn ò le. Màá pa wọ́n."

"Iná kámẹ́rà yẹn ńkọ́?"

"Iná wo?"

Kí Ọmọ́wùnmí tó dáhùn, iná náà tàn. Pupa, kékeré, ojúkojú pẹ̀lú Àdíját. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà dúró lórí kíbọọ̀dù. Ó wo iná náà, iná náà ń wò ó. Òjò ń lu páànù òrùlé. Lẹ́yìn náà, Àdíját já sẹ́lótéèpù dúdú nínú báàgì rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ bo ojú kámẹ́rà, ó tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ó wá tẹ bọ́tìnnì lọ, tẹ bọ́tìnnì bọ̀. Ọmọ́wùnmí ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bí ẹni tó ń wo dókítà tó ń gbọ́ ìmí aláìsàn.

"Àǹtí, ta ló fi fáìlì ọjọ́ìbí kan ránṣẹ́ sí yín? Í-méèlì ló bá wá."

"Bàbá Tófúnmi ni. Káàdì tó fi kí ọmọ ni. A ṣí i, kò gbé nǹkan kan wá, a sì fi sílẹ̀."

"Ó gbé nǹkan wá. Inú ẹ̀ ni èyí tó ń ṣí kámẹ́rà ti jáde."

Ọmọ́wùnmí mí kanlẹ̀. "Á jẹ́ pé ó ti wọ tiẹ̀ náà nìyẹn, tí kò mọ̀. Jẹ́ kí n pè é kí n kìlọ̀ fún un."

"Ẹ ṣe sùúrù ná, Àǹtí." Àdíját kò gbójú sókè. "Èyí tó bá ń ràn, kò mọ ẹnì kan yàtọ̀, gbogbo ibi ló ń lọ. Èyí ò ràn dé ibì kankan. Ó jókòó síbí. Èèyàn ló ń darí ẹ̀. Tónítọ̀hún bá fẹ́ wo inú ilé yìí, á ṣí i. Tó bá wò ó tán, á pa á dé."

"Ta ni onítọ̀hún?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Àǹtí. Mi ò sì fẹ́ dárúkọ ẹni tí mi ò mọ̀." Ó yọ módẹ́ẹ̀mù tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó gbé e sórí tábìlì. "Ohun tí mo lè ṣe ni kí n nu gbogbo inú ẹ̀ kúrò, kó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Kò ní sí fáírọ́ọ̀sì kankan mọ́. Àmọ́ àwọn àwòrán yín lè bá a lọ."

Ọmọ́wùnmí wo ọmọ rẹ̀ tó ń kun àwòrán lórí ẹní. Àwòrán ọjọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ rìn wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló sì ń rìn lọ nínú rẹ̀.

"Nù ún," ló wí.

Fóònù rẹ̀ dún. Simeon ni. Kì í pè lọ́jọ́ Saturday, ọjọ́ náà ni èrò máa ń pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Ìyá Tófúnmi, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí o. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ta ni ọmọbìnrin yẹn?"

"Ọmọbìnrin wo?"

Ọmọ́wùnmí gbọ́ tí ọkọ̀ kan kọjá lẹ́yìn Simeon, tí ẹnì kan sì ń pe orúkọ ọjà ní èdè tí kò yé e.

"Mo ní ta ni," ni Simeon tún wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Mo kàn béèrè bóyá ẹnì kan wà lọ́dọ̀ yín ni."

Ọmọ́wùnmí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé Àdíját ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tí Simeon ti ń pè tó máa ń bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ délé, pé ṣé aṣọ tuntun ló rà, pé ṣé orí rẹ̀ ń fọ́ ni, ó ti rò pé ìfẹ́ ló jẹ́ kó máa mọ̀. Ó ti ń fi í yangàn láàárín àwọn olùkọ́ yòókù pé ọkọ òun kò sí nílé, àmọ́ kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa òun.

"Simeon," ló wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò pè é lórúkọ rí. "Ṣé ìwọ lo fi nǹkan yìí sínú ilé mi?"

"Gbọ́ mi ná. Àwọn tó wà níbí máa ń sọ ohun tí ìyàwó wọn ń ṣe nílé. Mo kàn fẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀ ni. Kò sì sí nǹkan burúkú kankan tí mo rí. Ṣé wàá gbọ́? Mi ò rí nǹkan kan."

Ọmọ́wùnmí pa fóònù náà. Ó tún dún, ó sì jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́.

"Àdíját, má nù ún mọ́."

"Àǹtí, tá a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀—"

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá Tófúnmi tó ń gbé ní Akowonjo ló wá tọrọ mi lọ́wọ́ ìyá mi. Mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ṣé wàá lè tẹ̀lé mi lọ lọ́la, kó o bá mi ṣàlàyé fún un?"

Àdíját rò ó díẹ̀. "Màá wá, Àǹtí." Ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó yọ okùn rẹ̀ ní ògiri, ó bá a fi aṣọ dì í, wọ́n sì gbé e sábẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn náà ó fa híjáàbù rẹ̀ síwájú, ó sì bọ́ sínú òjò.

Jésùtófúnmi gbé àwòrán rẹ̀ wá. "Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ dúró síbẹ̀?"

Ọmọ́wùnmí wo ibi tó dúró sí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni, láàárín fíríìjì àti ilẹ̀kùn kíṣìnnì, igun kan ṣoṣo tí ojú kámẹ́rà kò dé ní gbogbo pálọ̀ náà. Ibẹ̀ ló ti máa ń jẹun lóòró láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti sunkún lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó máa dúró síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀ rí.