Orin Kẹta Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Rùkáyátù fi wá ẹni tí yóò tún kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe. Ó dé Ìjù, ó dé Agbára, kí wọ́n tó júwe ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ọ̀ṣìnúbí fún un ní Joju. Ọ̀sẹ̀ méjì ni arúgbó náà fi so okùn inú rẹ̀ tó já. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí, orin àwọn obìnrin Jàpáànì mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ tún dún, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún.

"Màdáàmù, ẹ jókòó," ni Bàbá Ọ̀ṣìnúbí wí. "Ẹ ti dìde lẹ́ẹ̀mẹfà. Ṣé iná ló wà lórí àga ni?"

Rùkáyátù jókòó, ó tún dìde. Lọ́la ni Mọ̀nsúrát, tí wọ́n jọ gbé yàrá kan nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Agbára, yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Agbára padà sí Ìsẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ránṣẹ́ pé kí Rùkáyátù wá kí òun. Èsì kan náà ni Rùkáyátù ń fún un: àfi bí ó bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun ni òun ba kásẹ́ẹ̀tì náà jẹ́.

Ẹnjiníà ará Jàpáànì kan ló fún àwọn méjèèjì ní kásẹ́ẹ̀tì náà nígbà tó ń padà lọ sílé. Wọ́n kọ́ gbogbo orin rẹ̀ sórí láìgbọ́ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Orin kẹta ni tiwọn gan-an: Rùkáyátù a lé e, Mọ̀nsúrát a gbè é. Ní ìparí àwẹ̀ ọdún kan, orin náà gé lójijì, ẹ̀rọ sì jẹ okùn rẹ̀. Mọ̀nsúrát ló sì ń fi ẹ̀rọ náà gba wéré, orin tí wọ́n fi ń jí èèyàn sí sààrì, sílẹ̀ jálẹ̀ àwẹ̀. Rùkáyátù gbà pé ó ti gba wéré lé orin náà lórí, kò sì gbọ́ àlàyé kankan. Ó kó jáde.

Àwọn olórin náà kò tíì fẹ̀yìn tì. Rùkáyátù máa ń wò wọ́n lórí fóònù. Orin wọn ìsinsìnyí ń dán bí àwo tuntun. Ẹnikẹ́ni kì í pẹ́ kó tó gbè é. Nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí, èèyàn ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Nínú orin kejì, ẹnìkan pẹ́ kó tó gbè é. Ẹni tó ń lé orin fa ohùn gùn, ó dúró dè é.

"Ọmọdé ṣì ń ṣe wọ́n," ni Bàbá wí, ó rẹ́rìn-ín.

Orin kẹta bẹ̀rẹ̀. Kò dé àárín tó fi gé.

"Ẹ gbọ́, Bàbá! Wéré ló kàn."

Kì í ṣe wéré. Ohùn ọmọbìnrin kan jáde, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kí wọ́n fi òun ṣe súpáfáísọ̀ níbi iṣẹ́. Ohùn kejì ké láti ẹ̀yìn:

"Rùká! Kásẹ́ẹ̀tì àwọn ará Jàpáànì mà nìyẹn! Wò ó dáadáa!"

"Òmíràn ni, jàre. Dákẹ́, jẹ́ n múra ìntáfíù mi."

Bàbá Ọ̀ṣìnúbí pa ẹ̀rọ. "Ta ni ẹni tí kì í gbọ́ ìkìlọ̀ yìí?"

"Èmi ni." Rùkáyátù jókòó, kò sì dìde mọ́ fún ìgbà pípẹ́. "Ẹ bá mi yọ ọ́, Bàbá. Mò ń lọ sí Agbára. Mọ̀nsúrát kò ní ohun tí yóò jẹ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ ọdún mẹ́tàlélógún ni mo jẹ ẹ́, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó gbéra."