Tánganran Tí Wọ́n Ní Mo Jí

Ojú gbogbo ènìyàn ni Máníjà ti pè mí lólè, nítorí náà ojú gbogbo ènìyàn ni mo fẹ́ kó ti wẹ̀ mí mọ́. N kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ wa kéré. A ń yọ́ òjé, a ń dà á sí mọ́ọ̀dù, a fi ń ṣe ọta fún àwọn tó ń yìnbọn sí àmì. Mọ́ọ̀dù yìí, irin méjì ni, wọ́n ń pàdé bí ètè, ihò ọta wà láàrin wọn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nídìí ìkòkò òjé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Àpá ọwọ́ mi ni ìwé ẹ̀rí mi. Ọwọ́ mi náà ni kọ́kọ́rọ́ yàrá òjé wà.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Máníjà gba ọkùnrin kan pé kó máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Wẹ́dà wa, ẹni tó ń jó irin, ló sọ ọ́ ní Gírámà, torí ó lè fi wákàtí kan ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́. Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, mo gbọ́ tó ní kí wọ́n fi ọ́ìlì pa mọ́ọ̀dù tinú tòde.

"Ọ̀gá," mo ní, "oríkèé rẹ̀ nìkan ni ọ́ìlì ń lọ, ẹ̀kán kan péré. Bó bá wọ inú ihò, ọta á hunjọ bí ojú arúgbó. Èéfín àbẹ́là la fi ń kun inú ihò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá Òjé, ìmọ̀ ti kúrò níbi tí ẹ fi í sí."

Ó tún ní kí wọ́n máa ré awọ eérú tó ń bo ojú òjé dà sí garawa, pé ìdọ̀tí ni. Ìdọ̀tí kẹ̀! Òjé tí a ń rà, wọ́n ti po tánganran, irin funfun tí wọ́n fi ń jó agolo, mọ́ ọn kó lè ṣàn wọ gbogbo igun mọ́ọ̀dù. Bó bá gbóná, tánganran ló kọ́kọ́ ń jóná lójú ìkòkò, òun ló ń di awọ eérú yẹn. Èmi á ju ègé àbẹ́là sí i, màá ṣáná sí èéfín rẹ̀, màá rò ó dáadáa, tánganran á padà sílé. Ìyẹ̀fun dúdú tó bá ṣẹ́ kù ni ìdọ̀tí. Mo sọ fún un. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kò yí padà.

Kò pẹ́ táwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọta padà. Etí rẹ̀ kò pé, ara rẹ̀ hunjọ. Máníjà mú òjé díẹ̀ lọ bá ẹni tó ń tà á fún wa. Onítọ̀hún yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní tánganran inú rẹ̀ ti dín.

Bí Máníjà ṣe dé, ó dúró láàrin wa.

"Tánganran ò lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ń kó o tà. Màmá Òjé, olè ni yín."

Ẹ gbọ́ o. Èmi! Wọ́n ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Èmi tí n kò jà á lẹ́ẹ̀kan rí, wọ́n ti ń da aṣọ náà bò mí. Gírámà ń wo bàtà rẹ̀. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀, n ò mọ èyí tó burú jù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," àbúrò mi ń sunkún.

"Síbo? Ẹni tó bá sá ló jalè. Gbé garawa eérú yẹn wá."

Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá ó gbẹ, torí ẹ̀kán omi kan nínú òjé gbígbóná, ojú ló ń fọ́. Ó gbẹ. Mo dà á sí ìkòkò, mo koná mọ́ ọn.

"Kí lẹ ń ṣe?" Máníjà bèèrè.

"Mò ń wá olè."

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. Mo ju àbẹ́là sí i, iná sọ, mo rò ó, mo ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Eérú náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ó ń kóra jọ, títí ojú ìkòkò fi ń dán bíi dígí. Mo nu ọ́ìlì inú mọ́ọ̀dù kúrò pátápátá, mo fi èéfín kùn ún, mo da ọta. Méjì àkọ́kọ́ hunjọ, torí mọ́ọ̀dù ò tíì gbóná. Gírámà la ẹnu, mo ní kó pa á dé. Ìkẹta bọ́ sórí aṣọ, ó ń dán, etí rẹ̀ pé.

"Tánganran yín rèé. Inú garawa ni olùkọ́ yín ń kó o sí."

Máníjà fi ìbọ̀wọ́ mú ọta náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Àṣìgbọ́ ló wáyé láàrin wa o. Màá kọ lẹ́tà sí yín, lẹ́tà tó jíire."

"Lẹ́tà kọ́ lẹ fi pè mí lólè. Ẹnu ni."

"Màmá, bí a bá fojú àgbà wo ọ̀rọ̀ yìí..."

"Ẹ sọ pé n kò jalè."

"Ẹ ò jalè," ó ní, jẹ́jẹ́.

"Wẹ́dà, ṣé o gbọ́?"

"Etí mi ń ho, Màmá. N ò gbọ́ nǹkan kan."

Máníjà gbóhùn sókè débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì yíjú wò wá: "Màmá Òjé kò jalè! Àwa la da tánganran nù!"

Mo ní ó dáa. Gírámà wá súnmọ́ mi, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo gbé ìgbakọ lé e lọ́wọ́.

"Má ṣàlàyé," mo ní. "Rò ó."