Ohùn Verlene nínú Téèpù

Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí a sin Cordell, ọmọ ọmọ mi, ni Verlene ìyá rẹ̀ ń kó àwo orin rẹ̀ láti yàrá abẹ́ ilé mi síta, kí ọkọ̀ ìdọ̀tí lè gbé wọn. Gbogbo Ṣikágò ló mọ ọmọ yẹn mọ́ àwo orin tó máa ń lù níbi ijó.

Alonzo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Alonzo ni olólùfẹ́ Cordell, òun ló tọ́jú rẹ̀ títí àìsàn fi mú un lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ fún mi."

"Kí n fún ta? Ìwọ àti orin Sátánì yìí lẹ gba ọmọ lọ́wọ́ mi."

"Verlene," mo ní, "nígbà tó sọ pé ọkùnrin lòun fẹ́ràn, ta ló kó aṣọ rẹ̀ síta? Ṣé orin ni?"

"Mọ́mì, ẹ má dá sí i."

"Ilé ta la wà?"

Mo ní kí Alonzo fi ọ̀kan sí ẹ̀rọ orin Cordell ká gbọ́. Téèpù ńlá kan ló mú, èyí tí Cordell fi abẹ gé wẹ́wẹ́, tó tún lẹ̀ pọ̀ di orin tuntun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nílé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tí wọ́n ti ń jó, àwọn ọmọ dúdú tí ilé lé, tí ṣọ́ọ̀ṣì lé, kí ayé tó mọ orin náà sí háòsì.

Ìlù ń lọ gbì, gbì, gbì. Ohùn obìnrin kan bá gòkè. Ohùn Verlene ni, tí Cordell gbà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọdún Àjíǹde, níwájú ẹgbẹ́ akọrin.

Verlene jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ó gbé ohùn mi lọ síbi ijó yẹn?"

"Gbogbo ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ké báyìí, gbogbo wa á nawọ́ sókè. Ẹlòmíì á máa sunkún. A ò ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, Àǹtí."

Ó tẹ́tí. "Earlene tá a jọ ń kọrin dà? Ibí yìí ló ti máa ń já orin gbà lẹ́nu mi."

"Cordell ti gé e dànù."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Ó yọ téèpù náà, ó gbé e mọ́ àyà.

"Èyí ò kúrò nílé yìí."

"Òun nìkan ló wà, kò ní ẹ̀dà, Àǹtí." Alonzo náà ti dì í mú.

"Ẹ má fa ọmọ mi ya o," mo ní.

Alonzo ló kọ́kọ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Verlene wo ẹ̀rọ, ó wo Alonzo.

"Mi ò mọ nǹkan yìí í lò. Máa wá lò ó fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Tètè dé, oúnjẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni nílé wa."

Ó jáde, ó di etí àpótí àwo kan mú.

"Kí lò ń wò? Gbé ẹ̀gbẹ́ kejì. Mọ́tò rẹ dà?"